Orúkọ Lẹ́tà àti Ìró Lẹ́tà: Ìtàn Kíkọ́ Ọmọdé ní Ìwé Kíkà ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó sì ní ìró. Orúkọ rẹ̀ ni olùkọ́ ń pè nígbà tí ó bá fi ọ̀pá tọ́ka sí i lójú pátákó. Ìró rẹ̀ ni ohun tí ẹnu ń gbé jáde nígbà tí lẹ́tà náà bá bọ́ sínú ọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó mọ orúkọ láìmọ ìró lè ka ABD láti òkè délẹ̀ láìkọsẹ̀, síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ kékeré bíi ‘ilé’ tàbí ‘bàbá’ dá a dúró, nítorí pé ìwé kíkà kì í ṣe pípe orúkọ lẹ́tà tẹ̀ lé ara wọn, bí kò ṣe síso ìró wọn pọ̀ títí ọ̀rọ̀ tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò fi jáde. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, àríyànjiyàn lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà kò kọjá èwo nínú méjèèjì yìí ni kí ó ṣáájú. Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìtàn náà tún ní ìbéèrè kan tí àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ìwé ABD kò rò ó kàn, ìyẹn ni pé ìró ẹnu ta ni lẹ́tà ń dúró fún.

Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ kó ìlú Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ àwọn ìlú bíi Emùré-Ilé, Ìpele, Uso àti Upẹnmẹn. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ifọ́n, bẹ̀rẹ̀ láti ìhà Ìdó-Àní àti Ìdógùn, ó sì gba Ute àti Ìkàrò lọ títí dé Òkèlúsẹ́ àti Arímógijà ní ẹ̀gbẹ́ ààlà Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Abíọ́dún Adétúgbọ̀, nínú ìwádìí tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní 1967, pín àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí ọ̀wọ́ ńlá mẹ́ta, ó sì fi Ọ̀wọ̀ sí ọ̀wọ́ Gúúsù Ìlà-Oòrùn pẹ̀lú Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Ohun mẹ́ta nínú èdè ọ̀wọ́ yìí ni ó kan ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà. Èkínní ni ìró tí a máa ń fi gh kọ, èyí tí a ń pè nípa gbígbé ẹ̀yìn ahọ́n sókè bí ẹni tí yóò pe g, ṣùgbọ́n tí a kò dí èémí pa. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí Ọ̀yọ́ ti ń pe w, ìró yìí ni ará Ọ̀wọ̀ ń pè, tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ ìlú náà lẹ́nu àwọn onílùú fi jẹ́ Ọ̀ghọ̀, tí ọba wọn sì jẹ́ Ọlọ́ghọ̀. Èkejì ni u ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ìyẹn Yorùbá tí a fi ń kọ̀wé tí a sì ń kọ́ ní ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ orúkọ kì í fi u bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Ọ̀wọ̀ ‘ilé’ ń di ‘ulé’, àwọn orúkọ bíi Uso, Ute àti Upẹnmẹn sì wà lójú máàpù fún ẹnikẹ́ni láti rí. Ẹ̀kẹta ni fáwẹ̀lì àránmúpè ẹn, tí imú ń bá ẹnu gbé jáde, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n nínú Yorùbá àjùmọ̀lò yàtọ̀ sí irú ọ̀rọ̀ bíi ‘ìyẹn’, ṣùgbọ́n tí ó fìdí múlẹ̀ níbí.

Kí lẹ́tà tó dé, etí ọmọdé kò ṣófo. Jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn ọmọ ti ń ṣe ẹnà, eré ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún ẹlòmíràn nípa kíki sílébù àjèjì bọ àárín àwọn sílébù ọ̀rọ̀ gidi. Sílébù ni ègé ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kan, bíi ‘bà’ àti ‘bá’ nínú ‘bàbá’. Ọmọ tí ó lè sọ ẹnà ti mọ bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ sí sílébù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ yìí gan-an ni olùkọ́ kíláàsì àkọ́kọ́ ní àwọn ilẹ̀ mìíràn ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣe. Ilé-kéú náà ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí ilé-ìwé ìjọ tó dé, níbi tí ọmọ ti ń kọ lẹ́tà Lárúbáwá sára wàláà, tí ó ń kọ́ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí alùfáà tó wá fi àmì fáwẹ̀lì sí wọn lórí àti nísàlẹ̀, kí ó sì kọ́ ọmọ bí a ti ń so wọ́n pọ̀. Ìlànà orúkọ ni kéú fi ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kan ìró, àwọn tí ó sì gba ọ̀nà náà kọjá mọ̀ pé ó gba sùúrù.

Ibi tí a ti ṣe ABD Yorùbá jìnnà sí Ọ̀wọ̀. Freetown ni, ní ilẹ̀ Saró, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó àwọn ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun sọ̀ kalẹ̀. Hannah Kilham, obìnrin ìjọ Quaker láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kékeré kan jáde ní 1828 tí ó kó ọ̀rọ̀ láti inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè ilẹ̀ Áfíríkà tí a ń sọ níbẹ̀, èdè Akú, bí wọ́n ti ń pe Yorùbá nígbà náà, sì wà lára wọn. Ìdí tí ó fi ṣe é ni pé ó gbà pé ọmọ tí a kò bá fi èdè rẹ̀ kọ́ ní ìwé kíkà ń pe ohun tí kò yé e. John Raban ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. (Church Missionary Society) tẹ̀ lé e láti 1830 pẹ̀lú àwọn ìwé pẹlẹbẹ lórí èdè kan náà. Lẹ́yìn wọn ni Samuel Ajayi Crowther dé, ọmọ Òṣogùn tí a gbà sílẹ̀ ní 1822, tí ó sì sọ nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1837 pé láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà òun ti lè ka Májẹ̀mú Titun ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò jù ú lọ sì jáde ní 1852.

Iṣẹ́ tí ó le nínú gbogbo rẹ̀ ni yíyan lẹ́tà fún ìró. Henry Venn, akọ̀wé C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ṣe òfin sílẹ̀ ní 1848 lórí bí a ó ṣe máa kọ àwọn èdè tí a kò tíì kọ sílẹ̀ rí, Karl Richard Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, sì gbé ìlànà lẹ́tà kan jáde ní 1855 tí ó fẹ́ kí gbogbo ayé máa lò. Láti inú ìfikùnlukùn àwọn wọ̀nyí ni Yorùbá ti rí ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì nísàlẹ̀ wọn, tí gb sì dúró bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, tí a sì fi p nìkan kọ ìró tí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n jọ ń pè. Ìpàdé kan tí C.M.S. ṣe ní Èkó ní 1875 fi ọwọ́ sí púpọ̀ nínú àwọn ìpinnu yìí. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni lẹ́tà 25, fáwẹ̀lì 7 àti kọ́ńsónáǹtì 18, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró fún ìró kan péré. Ìṣètò yìí dára gan-an ni, kò sì yẹ kí a fojú kéré rẹ̀ nítorí pé àwọn òyìnbó wà lára àwọn tí ó ṣe é: ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ẹ̀ títí di òní.

Àríyànjiyàn orúkọ àti ìró ti pẹ́ ní Yúróòpù. Ní 1527 ni Valentin Ickelsamer tẹ ìwé jáde ní Jámánì láti fi kọ́ni pé ìró ni kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀, kí orúkọ lẹ́tà máa bọ̀ lẹ́yìn. Blaise Pascal dá irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ fún ilé-ìwé Port-Royal ní Faransé, ìwé gírámà tí àwọn ará ibẹ̀ sì tẹ̀ jáde ní 1660 gbé e kalẹ̀. Wàhálà wọn ni pé orúkọ lẹ́tà wọn kì í sábà fi ìró hàn. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe w, ‘dọ́búlíyù’, d ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pe h, ‘éèṣì’, kò ní h nínú rárá. Àwọn tí ó sọ kọ́ńsónáǹtì Yorùbá lórúkọ ṣe é lọ́nà tí ó gbọ́n ju èyí lọ: bí, dí, fí, gí, gbí, hí, títí dé yí. Bí ọmọ bá ti yọ í ìparí kúrò, ìró lẹ́tà ni ó kù sí i lẹ́nu, bí ó bá sì fi fáwẹ̀lì mìíràn rọ́pò rẹ̀, ó ti ní sílébù.

Orí sílébù yìí ni ìkọ́ni ní ilé-ìwé ìjọ sì dúró lé. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti mọ ABD, olùkọ́ a to kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì sójú pátákó: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu, da, de, dẹ, di, do, dọ, du, gbogbo kíláàsì a sì máa kà á ní ohùn orin bí ọ̀pá ti ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì, kí oníkálukú tó fà á sára síléètì. Kọ́ńsónáǹtì 18 ní ọ̀nà fáwẹ̀lì 7 jẹ́ 126, ọmọ tí ó bá sì gba gbogbo wọn tán ti ní ohun tí yóò fi ka èyí tí ó pọ̀ jù nínú Bíbélì àti ìwé orin láìtún nílò òfin mìíràn, àfi ti fáwẹ̀lì àránmúpè. Àwọn tí ń fi ìlànà yìí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí pé àkọ́sórí lásán ni kò tíì wo bí ó ṣe bá èdè mu. Níwọ̀n bí sílébù Yorùbá kì í ti í ju fáwẹ̀lì kan, kọ́ńsónáǹtì pẹ̀lú fáwẹ̀lì, tàbí àránmúpè asílébù (bíi ‘ń’ nínú ‘ń lọ’) lọ, tábìlì kan lè gba gbogbo rẹ̀. Àléébù tòótọ́ tí ó ní ni pé ọmọ mìíràn ń fi etí gba orin náà láìwo pátákó, òmíràn a sì kà á dáadáa bí ó ti tò ó, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀pá fo láti ‘da’ sí ‘gbọ’, a dákẹ́.

Àléébù kejì tóbi jù ú lọ, kò sì wá láti ọwọ́ olùkọ́ nìkan. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni ó ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀, Crowther sì ti fi àmì ohùn sí ìwé rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ìwé tí ó dé ọwọ́ ọmọdé kì í ní àmì ohùn ju ìwọ̀nba díẹ̀, tábìlì ba-be-bẹ kò sì ní in rárá. A kọ́ ọmọ ní ìró b àti a, a kò kọ́ ọ ní ohùn tí yóò fi gbé e, bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn wà lára ìró ọ̀rọ̀ bí kọ́ńsónáǹtì ti wà. Ìlànà dò, re, mí tí àwọn olùkọ́ yá láti inú ẹ̀kọ́ orin ni ó tún èyí ṣe níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì òkè ni ó sábà ń dúró sí.

Láti ìlú Oǹdó, níbi tí C.M.S. ti fìdí kalẹ̀ ní 1875, tí Charles Phillips sì dé ní 1877 kí ó tó di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, ni iṣẹ́ ìjọ náà ti ń tàn lọ sí àwọn ìlú ìlà-oòrùn. Ìwé tí ó bá a rìn ni ìwé tí a ti ṣe ní Freetown àti Èkó, tí a gbé ka orí èdè Ọ̀yọ́ pẹ̀lú àfikún díẹ̀ láti Ẹ̀gbá. Kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀ fún gh. Ọmọ Ọ̀wọ̀ tí ó jókòó síwájú ABD ń kọ́ láti kọ orúkọ ìlú rẹ̀ pẹ̀lú w, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń pe gh nílé, ó sì ń kọ́ ‘ilé’ ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n rán an lọ sí ‘ulé’. Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni pé ẹni tí ń ṣe ìwé ABD kò lè rí ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá àjùmọ̀lò tí ó fi u bẹ̀rẹ̀ láti fi ṣe àpẹẹrẹ lẹ́tà u, nígbà tí ọmọ Ute kò ní láti wá a kọjá orúkọ ìlú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbìmọ̀ láti pa ẹ̀ka-èdè Ọ̀wọ̀ rẹ́. Ìwé títẹ̀ wọ́n, ìjọ sì fẹ́ Bíbélì kan fún gbogbo Yorùbá, ìṣọ̀kan èdè tí ó ti ibẹ̀ jáde sì wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó ń sọ pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìró kan, ìró kọ̀ọ̀kan sì ní lẹ́tà kan, ń sọ òtítọ́ fún ọmọ Ọ̀yọ́ ju bí ó ti ń sọ ọ́ fún ọmọ Ifọ́n lọ.

Ìjọba amúnisìn pẹ́ kí ó tó dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ìròyìn ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes lórí ètò ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà ní 1922 àti ìwé ìlànà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1925 gbà pé èdè abínibí ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé ní Áfíríkà. Èyí fi òǹtẹ̀ lu ohun tí àwọn ilé-ìwé ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, pé kí Yorùbá ṣáájú ní àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì sì gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn olùkọ́ tí ó dáńtọ́ wá láti St. Andrew’s College, Ọ̀yọ́, tí a dá sílẹ̀ ní 1896. Michael Adékúnlé Ajásin, tí a bí ní Ọ̀wọ̀ ní 1908, wà níbẹ̀ láti 1924 dé 1927, ó sì jẹ́ àpẹẹrẹ ọmọ gh tí ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nínú ìlú w. Ó kàwé lọ títí dé Fourah Bay College, ilé-ẹ̀kọ́ tí Crowther ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní 1827, kí ó tó padà wá di ọ̀gá Imade College ní Ọ̀wọ̀ ní 1947.

Ọwọ́ Ajásin ni ìtàn kékeré Ọ̀wọ̀ ti pàdé ìtàn ńlá. Òun ni ó kọ ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group gbà, ẹgbẹ́ tí a fi lọ́lẹ̀ ní gbangba ní ìlú Ọ̀wọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1951, S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ìlànà náà wá síwájú ilé ìgbìmọ̀ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1952, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Iye àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tí ó lé ní 811,000 lọ́dún kan péré. Ọmọ tí a kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, wọ́n ní kí ó na ọwọ́ gba orí orí rẹ̀ kọjá. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí kejì, ó ti tó ilé-ìwé lọ. Kò sí bí a ṣe lè rí olùkọ́ tí ó tó fún irú ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a fi síwájú kíláàsì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀dọ́ tí wọn kò gba ẹ̀kọ́ṣẹ́, àwọn tí wọ́n sì kọ́ṣẹ́ ni a ń fi sí kíláàsì tí ìdánwò wà. Àṣìṣe ńlá ni èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ìdí: pípe ìró lẹ́tà fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà gba ọgbọ́n ju kíkọ́ ọmọ ọlọ́dún méjìlá ní ìṣirò lọ. Ìwé Aláwíyé tí J. F. Ọdúnjọ ṣe, tí ó wà fún kíláàsì kan tẹ̀ lé òmíràn, gbé púpọ̀ nínú ẹrù náà. Olùkọ́ tí kò mọ ìlànà ṣì lè tẹ̀ lé ojú ìwé.

Àkọtọ́, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń kọ èdè sílẹ̀, kò dúró sójú kan. Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé lórí rẹ̀ jáde ní 1965, ìgbìmọ̀ kan jókòó lé e lórí ní 1966, ìjọba sì fọwọ́ sí àtúnṣe náà ní 1974: ‘aiye’ di ‘ayé’, ‘enia’ di ‘ènìyàn’, lẹ́tà méjì tí ó ń tẹ̀ lé ara wọn láìnídìí nínú irú orúkọ bíi Offa sì di ọ̀kan. Fún ẹni tí ń kọ́ ọmọdé ní ìró, oore ńlá ni, nítorí ó dín ibi tí lẹ́tà ti ń purọ́ kù. Ìró an àti ọn nìkan ni ó ṣì ní ìkọsílẹ̀ méjì, ọn lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì tí ètè ń pè, bíi nínú ‘gbọ́n’ tàbí orúkọ Ifọ́n gan-an, an lẹ́yìn àwọn yòókù. Nípa gh, àtúnṣe náà kò sọ nǹkan kan.

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ìwé St. Stephen’s ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́, lábẹ́ ìdarí Babs Fáfúnwá, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọ̀wọ́ ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ pàtàkì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, wọ́n sì fi ọ̀wọ́ kejì sílẹ̀ sí ìlànà àtijọ́ ti ọdún mẹ́ta Yorùbá. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ṣe dáadáa ju èkejì lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Èso rẹ̀ hàn nínú Ìlànà Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ti 1977, tí ó fẹ́ kí èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Modákẹ́kẹ́ kì í ṣe Ìdógùn. Èdè abínibí tí ìlànà náà ń sọ jẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò níbi gbogbo, ọmọ tí ó ń sọ ẹ̀ka-èdè tí ó jìnnà sí i sì ní iṣẹ́ ìtumọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ iṣẹ́.

Àwọn jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni tí ó pọ̀ lẹ́yìn èyí kò dúró de ìlànà kankan. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, orúkọ lẹ́tà sì ni, kí fóníìkì tó dé. Fóníìkì ni ìlànà tí ń fi ìró ṣáájú orúkọ, tí ó sì ń kọ́ ọmọ láti so ìró pọ̀. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ní Nàìjíríà ni Jolly Phonics, tí Sue Lloyd àti Sara Wernham bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1992, tí ó pín Gẹ̀ẹ́sì sí ìró 42, tí ó sì fi s, a, t, i, p, n ṣáájú. Ìlànà rere ni fún Gẹ̀ẹ́sì. Nínú kíláàsì tí ọmọ ti ń kọ́ ABD Yorùbá pẹ̀lú rẹ̀, ìkọlù kì í pẹ́ yọjú: p tí ó wà nínú mẹ́fà àkọ́kọ́ kì í ṣe p inú ‘pátákó’; orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe e ni ìró i ní Yorùbá, èyí tí wọ́n ń pe a sì súnmọ́ e wa. Olùkọ́ tí ó mọ̀ lè kọ́ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sọ fún ọmọ pé lẹ́tà yìí ní iṣẹ́ méjì ní ilé méjì. Èyí tí kò mọ̀ yóò rò pé ọmọ náà kò gbọ́ràn. Ó tún wá jẹ́ pé gh, tí ọmọ Ọ̀wọ̀ ń pè láìrí i nínú ìwé Yorùbá, ń dúró dè é nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, nínú ‘night’ àti ‘high’, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í pè é.

Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè tuntun tí ó ní kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí Fáfúnwá ti fẹ́. Ọdún mẹ́ta ni ó lò. Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ṣe ìpàdé ní Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé ìlànà náà níbẹ̀, wọ́n sì ní kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìkọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Lábẹ́ ìpinnu yìí, p ti Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ Òkèlúsẹ́ yóò kọ́kọ́ bá pàdé ní kíláàsì kí ó tó kan ti Yorùbá, ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀ ni ó sì kù sí láti sọ fún un pé ìró méjèèjì yàtọ̀ síra.